Fóònù Tó Ń Dún ní Etí Odò

Ọmọ mi obìnrin kì í jáde nílé mọ́, èmi náà sì ń jáde láràárọ̀ lọ síbi tí kò sí iṣẹ́. Àwa méjèèjì ò bínú síra wa. Ì bá tiẹ̀ sàn ká ní ìjà láàárín ara wa, nítorí ìjà ṣeé parí, àwọn àgbà á bá wa dá sí i. Ohun tó wà láàárín wa yìí, mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é. Mo ti gbé e mọ́ra títí, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, nítorí ẹkún ni yóò fi dá mi lóhùn. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí rí, bóyá ẹnì kan nínú yín á lè sọ ohun tó yẹ kí n ṣe.

Ọmọlanke ni mo ń tì ní ọjà ńlá Onitsha, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Main Market. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ta aṣọ níbẹ̀ ló mú mi wá láti Ìwó nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Iṣẹ́ aṣọ ló yẹ kí n kọ́, ṣùgbọ́n ó kú kí n tó mọ nǹkan kan níbẹ̀. Mi ò ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ parí, nítorí náà agbára apá mi nìkan ló kù. Onitsha ni mo ti gbéyàwó, ibẹ̀ náà la bí Mulikátù sí. Ọmọ yìí gbọ́ Ìgbò ju Yorùbá lọ. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀ kí inú tèmi náà lè dùn. Bí ọkàn rẹ̀ bá bàjẹ́, Ìgbò ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Àwa tí a ń ti ọmọlanke ní ibùdó kan ní ẹnu ọ̀nà tó wọ láìnì àwọn aláṣọ, ìyẹn ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tajà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibùdó yìí, nítorí òun gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Oníṣòwò kì í kó béèlì aṣọ lé ẹni tí kò mọ̀ lọ́wọ́. Ibi tí èèyàn dúró ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Bó bá ti jẹ́ ibùdó wa lo dúró sí, wọ́n mọ̀ pé bí o bá gbé ẹrù sá lọ, gbogbo wa la máa jọ san án. A sì ń tò ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ gbé, bí ẹni tó kàn bá lọ kírun, a ó dúró dè é. Okwudili ni olórí wa, ọmọ Ìgbò ni, ọ̀rẹ́ mi sì ni láti ìgbà tí irun orí àwa méjèèjì ṣì dúdú. Àlájì ló ń pè mí, bẹ́ẹ̀ mi ò dé Mẹ́kà rí. Bí mo bá mú un bínú, á ní ofe mmanu, ìyẹn ọlọ́bẹ̀ elépo, bí wọ́n ṣe ń fi àwa Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Èmi náà á ní kó lọ wo abọ́ ọbẹ̀ tirẹ̀ kó tó máa sọ̀rọ̀ epo.

Lọ́dọọdún ni àwọn àgbà láìnì aláṣọ máa ń ráhùn pé ọmọlanke wa ń dí ọ̀nà. A ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n á sì fi wá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀.

Mulikátù ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbì kan ní Iweka Road. Olùkọ́ wọn ní kí kálukú ṣe nǹkan tí yóò wúlò fún àwọn èèyàn rẹ̀, ọmọ mi sì ní àwa lòun máa ṣe é fún. Ó ṣe áàpù kan. Oníṣòwò tó bá ní ẹrù á tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù rẹ̀, á sì dún lórí fóònù ẹni tí ó kàn láàárín wa. Onítọ̀hún á tẹ ibi tí wọ́n kọ “Mo ń bọ̀” sí, orúkọ àti àwòrán rẹ̀ á sì yọ sí oníṣòwò náà. Bí a ṣe ń tò ní ibùdó gan-an ni áàpù náà ṣe ń tò wá. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ ní ìyẹn o. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ó pè mí kí n wá wò ó. Mo rí àwọn fóònù tó tò sórí ojú kọ̀ǹpútà, fóònù tí ọwọ́ ò lè mú, àwòrán lásán tó ń ṣiṣẹ́ bíi fóònù. Ó ní ẹ́múlétọ̀ ni wọ́n ń pè é, pé ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe áàpù ti ń dán iṣẹ́ wọn wò. Ó tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́, èyí tó tẹ̀ lé e dún. Mo ní ó ti parí nìyẹn. Ó mi orí.

“Bàbá mi, èyí ò tíì tó. Fóònù inú kọ̀ǹpútà kì í gbóná, kì í já bọ́, iná ojú rẹ̀ kì í kú. Fóònù tiyín gan-an ni mo fẹ́ fi dán an wò, tiyín àti ti àwọn ọ̀rẹ́ yín.”

Mo sọ fún Okwudili. Ó ní kó wá bá wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí ọjà bá tì, tí a máa ń ṣe ìpàdé. Ṣùgbọ́n kí Sọ́ńdè tó pé, ó kó gbogbo wa jọ ní ibùdó.

“This girl na our pikin,” ló wí. “She go school come do something for us. I no want see anybody wey go bring phone wey dem tie with rubber come disgrace us for her front.”

Kò sẹ́ni tó jà á níyàn. Gbogbo wa la mọ irú fóònù tó wà lọ́wọ́ wa. Ojú tèmi ti fọ́, èmi nìkan ló mọ ibi tí mo lè tẹ̀ kó gbọ́. Nítorí náà kálukú lọ yá fóònù ìyàwó, fóònù ọmọ, fóònù àna. Ti ìyàwó mi ni mo mú lọ. Ẹ má pè é ní ẹ̀tàn. Bí àlejò bá ń bọ̀ nílé yín, ṣé ẹ kì í gbálẹ̀ ni?

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà, a wẹ̀, a wọ aṣọ tó mọ́. Bátìrì gbogbo fóònù ti kún. A dúró yí i ká nínú ọgbà tí a ti ń ṣe ìpàdé, kálukú mú fóònù dání, gbogbo ojú wà lórí rẹ̀, iná wọn ń tàn. Mulikátù tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ṣe tò. Okwudili gbé ti ìyàwó rẹ̀ sókè, ó ní, “See as e dey cry like pikin wey want breast.” Ẹ̀rín pa wá. Mo wo ojú ọmọ mi, ó ń tàn ju àwọn fóònù náà lọ.

Èmi, òun àti Okwudili la jọ lọ bá àwọn àgbà láìnì. Wọ́n wò ó, wọ́n yìn ín, wọ́n ní kí àwọn oníṣòwò gbé e sórí fóònù wọn. Olórí wọn wá dojú kọ Okwudili, ó ní bí fóònù bá lè pè wá, kí la tún ń dúró ṣe lẹ́nu ọ̀nà òun? Okwudili wò mí, èmi náà wò ó. Ó ní a ó kó lọ sí etí odò Ọya tó wà lẹ́yìn ọjà, kí ọ̀nà wọn lè là. Wọ́n fún wa ní nǹkan mímu ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n bọ̀ wá lọ́wọ́. Bí a ṣe fi ọwọ́ ara wa kó kúrò ní ibùdó nìyẹn, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, a tò sí etí odò pẹ̀lú ọmọlanke wa. Àwọn fóònù tí a yá ti padà sílé olówó wọn. Àwọn tiwa náà la kó wá, àwọn onírọ́bà, a ti gbé áàpù náà sórí wọn fúnra wa, a fi ọ̀rá wé wọn nítorí òógùn, a sì tì wọ́n bọ àpò bí a ṣe máa ń ṣe. A ń dúró. Kò sí èyí tó dún. Oòrùn gun orí wa. Okwudili ní ọjà ló tutù. Ìgbà tó yá, a rí obìnrin aláṣọ kan, oníbàárà mi àtijọ́, tó fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wa, òógùn bò ó.

“Alhaji, I don press this thing tire,” ló wí. “E say e don call you. E say e don call Okwudili. Abi na for Kano una go carry truck?”

Mo yọ fóònù mi. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Mo tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tànná, ó ṣe bí ẹni tó ń ronú díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn tó kù yọ tiwọn. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní etí odò yẹn, lórí ẹrù tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti gbé lọ. Obìnrin náà wò wá, kò bú wa. Ó yí padà, ó ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì. Mulikátù sáré wá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó jókòó sórí ọmọlanke mi, ó tẹ̀ ẹ́. Nínú kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn dún. Ó ní ká kó fóònù wa wá. A kó wọn sí i nítan. Ó mú ọ̀kan tí wọ́n fi rọ́bà so, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó mú tèmi. Ó wá gbójú sókè.

“Bàbá mi, fóònù ta ni ẹ mú wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè?”

Okwudili kọjú sí odò. Ọmọ mi wo gbogbo wa yí ká, ó ní, “Ọ dị mma.” Ó dáa, ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kò dáa.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nílé, láìgbé ohùn sókè. Ó ní irú fóònù tiwa yìí, bí iná ojú rẹ̀ bá ti kú nínú àpò, á máa pa ohun tí èèyàn ò lò kí bátìrì má baà tán. Áàpù òun ni wọ́n ń pa. Nínú kọ̀ǹpútà, iná kì í kú, bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kò sẹ́ni tó ti fóònù bọ àpò. Ó tún un ṣe. Ó fi fóònù mi sínú ọ̀rá, ó tì í bọ àpò ara rẹ̀, ó ń rìn káàkiri àdúgbò, ìyá rẹ̀ sì ń tẹ̀ ẹ́ láti ilé. Nígbà tó ṣe é tán, gbogbo fóònù wa ló ń dún, títí kan èyí tó burú jù.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò pè wá? Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti gba ẹnu ọ̀nà. Àwọn oníṣòwò ti yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù wọn, èmi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ta ni yóò tún tẹ ohun tó ti dójú tì í lójú oníbàárà rẹ̀? A lọ bẹ àwọn àgbà láìnì. Olórí wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Alhaji, una talk say phone go call una. Make phone call una now.” Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó bá ń kọjá ní etí odò á máa fi ẹnu dún bíi fóònù: “Grííìn, grííìn! Ofe mmanu, dem dey call you o.”

Àwọn kan nínú wa ti lọ sí Oba, ìlú kan nítòsí, wọ́n ń ru búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Okwudili fọ́ ọmọlanke rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó fi dáná, ó lọ sí abúlé. Kó tó lọ, ó wá jókòó tì mí. Ó ní, “Alhaji, no let that girl think say na she. Na me talk that Sunday talk.” Mo jíṣẹ́ fún ọmọ mi. Ó ní òun ló yẹ kí òun béèrè irú fóònù tí à ń lò. Láti ìgbà náà kò lọ sí Iweka Road mọ́. Olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ títí. Ọmọ mi ní òun ò ní fi nǹkan kan sọ́wọ́ èèyàn mọ́ láyé òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù mi dún. Ẹ ò lè mọ bí ara mi ṣe rí. Mo tẹ “Mo ń bọ̀”, mo sáré ti ọmọlanke gba àárín ọjà kọjá, àwọn èèyàn ń yà fún mi. Mo dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ti oníbàárà mi àtijọ́ náà ni. Ó ní òun ò tẹ nǹkan kan, òun ti pa á rẹ́ tipẹ́. Ó ní, “Ndo, Alhaji,” ìyẹn pẹ̀lẹ́, ó gbé omi fún mi mu.

Nígbà tí mo délé, kí n tó bọ́ fìlà, Mulikátù ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Yorùbá ló fi bá mi sọ̀rọ̀.

“Bàbá mi, ṣé ó dún?”

“Ó dún.”

“Kíá ni, àbí ó pẹ́?”

“Kíá ni.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà náà ló yé mi pé òun ló fi orúkọ obìnrin náà tẹ̀ ẹ́ láti inú ilé.

Láti ọjọ́ yẹn, ó ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí oníṣòwò kan bá padà sí áàpù náà, kò gbọdọ̀ bá a ní òkú. Ọjọ́ tí ibà dá mi gúnlẹ̀, tí mi ò tẹ “Mo ń bọ̀”, ó tú gbogbo iṣẹ́ náà palẹ̀, ó ń wá ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀, kò sì jẹun. Bí mo bá sọ fún un pé kó dáwọ́ dúró, kí ni yóò tún gbé e dìde lórí ibùsùn? Bí mo bá sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ṣé kì í ṣe èmi ni mo wá di fóònù inú kọ̀ǹpútà fún un, èyí tí iná rẹ̀ kì í kú, tó ń dá a lóhùn nígbà gbogbo, tí kò sì gbé ẹrù kankan?

Ọmọlanke mẹ́ta péré ló kù ní etí odò. Èmi ni mo ń kọ́kọ́ dé, nítorí náà èmi ló máa ń kàn. Ó ti ń dún nínú àpò mi báyìí. Ẹ sọ fún mi, ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?