Orí Fífọ́ Tí Kò Lọ

Inú ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní tirotiro, tó ń dúró de èrò ní ibùdókọ̀ Tudu, ni mo ti gbọ́ aboyún kan àti ìyá ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ń sọ Yorùbá lẹ́yìn mi.

"Màmá, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ru jù, kí n má lọ sílé lónìí."

"Gbogbo aboyún lẹsẹ̀ ń wú, ìyàwó mi. Wàá sinmi nílé."

"Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan, mà. Orí ń fọ́ mi láti àná. Wọ́n tún ní ọmọ kéré sí oṣù rẹ̀."

"Ṣé o ò jẹun ni?"

"Èmi ń jẹun, mà. Òun ni kò rí i jẹ."

Mi ò tíì gbọ́ ọ rí pé ebi ń pa ọmọ nínú ìyá tó yó.

Màmá bi í pé, "Ṣé ò ń rí mi dáadáa?"

"Ẹ̀ ń ṣe bàìbàì lójú mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti sọ."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni àbúrò mi wí nígbà tó lóyún, kí gìrì tó mú un."

Màmá ní kí méètì tó ń gbowó ọkọ̀ ṣílẹ̀kùn. Láti ojú fèrèsé, mo rí i tó fọwọ́ kan di ìyàwó rẹ̀ mú, tó ń fi èkejì dá takisí dúró.

"Ọsibítù la ń padà sí. Máa bá mi sọ̀rọ̀, má dákẹ́."