Àdúrà fún Apànìyàn

Níbi tí a ti ń dúró kí nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wa, nílé ìwòsàn kan ní Ìlódè, ni màmá àgbà kan ti sọ fún ọmọbìnrin tó jókòó tì wọ́n pé:

"Fíìmù ọlọ́pàá tí mò ń wò ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ mi ga."

"Ẹ má wò ó mọ́, mà."

"Tí mi ò bá wò ó, ara mi kì í balẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀, apànìyàn ni, ó ti pa èèyàn mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń fún ìyá rẹ̀ lóúnjẹ. Nígbà tí ọlọ́pàá ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lánàá, mo gbàdúrà kí wọ́n má rí i mú."

"Fún apànìyàn, mà?"

"Mo tún ṣe àmín."

"Ṣé wọ́n wá rí i mú?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú iná lọ. Mi ò tíì mọ̀ bóyá àdúrà mi gbà."