Bíréèkì Lójú Ọ̀run

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Adó lọ sí Ìgèdè ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbàlagbà kan àti mẹkáníìkì ọ̀kadà tó jókòó tì í.

"Ọmọ mi bímọ l'Ábújá. Èmi ló yẹ kí n lọ wẹ ọmọ náà, ṣùgbọ́n mi ò wọ bàálù mọ́. Èyí tí mo wọ̀ kẹ́yìn, bó ṣe gbéra nílẹ̀ ló gbọ̀n. Ẹni tó jókòó tì mí ní awakọ̀ ló tẹ bíréèkì. Ta ní í tẹ bíréèkì lójú ọ̀run? Kí ló ń yà fún? Ewúrẹ́?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín.

"Màmá, tí mo bá gbé ọ̀kadà sórí irin ìdúró rẹ̀, tí mo yí táyà rẹ̀, tí mo jọ̀wọ́ rẹ̀, á ṣì máa yí. Ti bàálù náà ń yí bó ṣe kúrò nílẹ̀, inú ikùn rẹ̀ ló sì fẹ́ ká a sí. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi bíréèkì dá táyà náà dúró kó tó wọlé."

"Kì í ṣe pé ẹ̀rù ba awakọ̀ náà?"

"Rárá o. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe."

Ìyá náà mí kanlẹ̀, ó sì pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù:

"Sọ fún ọkọ rẹ kó gba tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún mi. Ẹ gbé omi kaná. Mò ń bọ̀ wá wẹ ọmọ mi."