Igi Tẹ́ẹ́rẹ́ àti Owó Ẹyọ Lókè Ilẹ̀kùn Tíṣà

Nígbà tí ọwọ́ mi ṣì yá nídìí òfì, tí irun ṣì wà lórí mi, a kì í tètè gba àjèjì gbọ́ ní Ìsẹ́yìn níbí. Ẹni tí a kò bá mọ ilé bàbá rẹ̀, a ó wò ó lójú, a ó tún wò ó lẹ́sẹ̀. Ẹ gbọ́, ìyá àgbà yín tó jókòó síbẹ̀ yẹn, díẹ̀ ló kù kí n má rí i fẹ́. Nítorí kí ni? Nítorí àjákù òwú.

Bàbá rẹ̀, Bàbá Ràábí, ń ta iṣu. Kíṣì ló ti ń kó o wá. Ó ti gbà pé kí n fẹ́ Ràábí, ó ku kí wọ́n so yìgì. Ìgbà náà ni tíṣà kan wá gba yàrá nínú agbo ilé wa. Ará Ìlàjẹ ni, ọmọ etí òkun. Àwọn ìyàwó ilé ní, "Kí ló ṣe níbẹ̀ tó fi sá wá sínú ọ̀dàn?" Bẹ́ẹ̀ ọmọ jẹ́jẹ́ ni o...

Lọ́jọ́ kan, ó bá mi nídìí òfì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní àjákù òwú díẹ̀." Mo mú pupa fún un. Ṣé ẹ máa ń bi ẹni tó tọrọ àjákù òwú pé kí ló fẹ́ fi ṣe? Èmi ò bi í.

Ilẹ̀ mọ́, a rí nǹkan lókè ilẹ̀kùn rẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àwọn kan tọ́, àwọn kan tẹ̀ bí ọrun. Òwú pupa ló fi dì wọ́n mọ́ra. Owó ẹyọ wà lára rẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè pè é ní ọ̀ṣọ́. Àwa mọ ohun tó ń jẹ́ tí igi, òwú àti owó ẹyọ bá pàdé. Ààlè! Ohun tí wọ́n ń fi sórí oko kí olè má baà fọwọ́ kan nǹkan, tí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò sì rí ìjà. Ààlè lókè ilẹ̀kùn, nínú agbo ilé Mùsùlùmí? Ta ló fi ń lé? Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn obìnrin ń gbà lọ síbi kànga. Ọ̀kan ní òun rí i tó ń mì, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kò fẹ́.

Bàbá Ràábí ti Kíṣì dé. Ó wo nǹkan náà títí. "Aúsùbílàhi! Òwú ta nìyí?"

Gbogbo ojú yí sí mi.

"Làsísì, òwú rẹ ha kọ́?"

"Tèmi ni, Bàbá."

"Ó dáa. N kò ní fi ọmọ mi fún ẹni tó ń bá àjèjì di oògùn."

Ràábí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó bú sẹ́kún... Ẹ wò ó, ó ní òun kò sunkún. Ó sunkún!

Lẹ́yìn ìrun alásàárì, àwọn àgbà agbo ilé pè wá jókòó. Tíṣà fúnra rẹ̀ tẹ́ nǹkan náà sórí ẹní. Àwọn ènìyàn sún sẹ́yìn.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, àwọn ènìyàn kan ń gbé erékùṣù láàárín òkun Pàsífíìkì, ibi tó jìnnà gan-an. Láyé àtijọ́, wọn kò ní kọ́ńpáàsì. Wọ́n á ta ìgbòkùn, wọ́n á rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láì rí ilẹ̀. Wọ́n ń wo ìràwọ̀. Wọ́n ń wo ibi tí ẹyẹ ń padà sí nírọ̀lẹ́. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ìgbì omi ni wọ́n gbójú lé. Irú èyí ni àwọn kan níbẹ̀ fi ń kọ́ ọmọ wọn. Owó ẹyọ yìí, erékùṣù ni. Igi tó tẹ̀ yìí, bí ìgbì ṣe ń yí tó bá kan erékùṣù nìyẹn. Mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ni."

Bàbá Ràábí ní, "Wọ́n á so ó mọ́ ọkọ̀ wọn?"

"Rárá, Bàbá. Ilé ni wọ́n ń fi í sí. Wọ́n ti gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n sórí kí wọ́n tó wọ omi."

"Ẹ gbọ́ irọ́! Àwòrán ọ̀nà tí wọ́n fi sílé tí wọ́n wá lọ sí ìrìn àjò! Kí ni wọ́n wá ń wò lójú omi?"

"Nígbà mìíràn, Bàbá, wọn kì í wo nǹkan kan. Àgbà inú wọn á dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, á di ojú. Ara rẹ̀ ló fi ń mọ bí ìgbì ṣe ń gbé wọn."

Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Ẹnì kan ní, "Dẹ́rẹ́bà tó ń sùn!" Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ló ń bọ́ lọ́wọ́ mi.

Bàbá Ràábí náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó di ojú?"

"Ó di ojú, Bàbá."

Ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá ń ti Kíṣì bọ̀, orí iṣu ni mò ń sùn sí, lábẹ́ tapólì, nítorí eruku. N kì í rí nǹkan kan. Tí ọ̀nà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kù mí bí ẹni ń ku èlùbọ́, mo mọ̀ pé Òkakà kù díẹ̀. Tí iṣu bá ń rọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, a ti dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò. Ọjọ́ kan, mo kígbe lábẹ́ tapólì pé, 'Dẹ́rẹ́bà, o ti ṣìnà!' Lóòótọ́, ó ti ṣìnà. Wọ́n ní ta ló sọ fún mi..."

Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ ọkọ̀ tù."

"Má pọ́n mi! Pé ènìyàn lè fi ẹ̀yìn mọ ọ̀nà, mo gbà. Nǹkan tó wà nílẹ̀ yìí, n kò tíì gbà á. Gbé e lọ sí ilé ìwé."

Ó fa ọ̀bẹ yọ. Ó gé òwú pupa náà kúrò níkọ̀ọ̀kan. Ó wá fi okùn tó fi ń di ẹrù iṣu tún igi náà dì fún tíṣà. Ó ju òwú náà sí mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "N kò fẹ́ òwú àna mi nínú ohun tí n kò mọ ìdí rẹ̀."

Àna mi! Ẹ gbọ́ o. Àna ló pè mí.

Wọ́n so yìgì wa. Tíṣà wá. Bàbá Ràábí ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi jẹun tán.

Lónìí ńkọ́? Múfú, ìwọ lo gbé mi lọ sí Ìgbẹ́tì lọ́jọ́sí. Mo di ojú lẹ́yìn ọkọ̀. Ara mi sọ fún mi pé a ti kúrò lórí ọ̀nà, ilẹ̀ ti rọ̀ jù. Mo ní, "Múfú, ọ̀nà kọ́ nìyí." O ní, "Bàbá, fóònù ló ní ká yà." Inú oko ọkà bàbà ẹni ẹlẹ́ni la bá ara wa.

Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù yẹn, ọmọ ta ni? Níbo ni ilé bàbá rẹ̀ wà? Ká ní Bàbá Ràábí wà láyé, ohun tí ì bá bi ọ́ nìyẹn kó tó jẹ́ kí o ṣíná ọkọ̀. O kò mọ̀ ọ́n. Èmi ò mọ̀ ọ́n. O sì gbé mi sẹ́yìn, o ń tẹ̀lé e lọ... Hùn.