Èmi Ni Mo Ní Kí Ràṣídì Gun Ẹ̀yìn Fọ́kílíìfù

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ ara mi ń rí mi lára. Irọ́ kan ni mo pa, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń fi jẹun. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Awakọ̀ fọ́kílíìfù ni mí, ẹ̀rọ tó ń fi irin méjì gbé ẹrù, nínú ọgbà kan tí wọ́n ti ń ta gẹdú lójú ọ̀nà Ìlaròó sí Ayétòrò. Wọn ò da sìmẹ́ńtì sílẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ pupa lásán ni, kòtò ni gbogbo rẹ̀ nígbà òjò. Bí igi bá wúwo jù, tí ẹ̀yìn ẹ̀rọ ń gbéra nílẹ̀, a kì í dín ẹrù kù. Ṣe la máa ń ní kí àwọn alááru gun ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè wúwo. Wọ́n ti kọ́ mi pé èèwọ̀ ni. Mo mọ̀.

Lọ́jọ́ náà, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ọkọ̀ tó ń lọ Ìdí-Ìrókò ń dúró de ẹrù. Èmi àti Ràṣídì alááru nìkan la wà lẹ́yìn ọgbà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ yìí ò dáa o. Ẹ jẹ́ ká gbé e lẹ́ẹ̀mejì." Mo ní, "Gun ẹ̀yìn jàre, ojo!" Ó gùn ún.

Mi ò tíì rìn jìnnà tí táyà iwájú fi kó sí kòtò. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ fò sókè, Ràṣídì já bọ́. Igi yọ̀ dànù, ni ẹ̀yìn ẹ̀rọ bá padà wálẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀. Ó dákú.

Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, mo ti sọ fún ọ̀gá wa pé òun ló fò gun ẹ̀rọ lẹ́yìn mi, pé mi ò rí i. Ẹ wo ẹnu burúkú! Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tún lé e lẹ́nu iṣẹ́ pé aláìgbọràn ni.

Èmi ńkọ́? Wọ́n fi mí ṣe olùkọ́ àwọn awakọ̀ tuntun. Ràṣídì ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ òmùgọ̀ fún wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, irú ẹ̀dá wo nìyẹn?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí i nílé. Kò rántí nǹkan kan nípa ọjọ́ náà. Ohun tí mo sọ ni wọ́n sọ fún un, ó sì gbà á gbọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Ó kù díẹ̀ kí àìgbọràn mi ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

Mo ní mo ti forí jì í.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi jẹ́wọ́ fún un báyìí?