Ohùn Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Wọ́n Ní Mo Jí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Irú ojú tí Ọlọ́run fún mi ni pé bí mo bá ń sunkún, ńṣe ni àwọn èèyàn ń dúró de ibi tí àwàdà máa já sí. Ẹ̀gbọ́n mi Sàlíù, tí a jọ mu ọmú ìyá kan náà, kò jẹun nílé mi mọ́. Ó ní olè ni mí. Ohun tó ní mo jí kì í ṣe owó, kì í ṣe kajú. Ohùn ìyàwó rẹ̀ tó kú ni.

Manigri ni wọ́n ti bí wa. Òun dúró ti oko iṣu àti kajú, èmi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, mo kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, mo wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Bassila, níbi tí mo ti ń ya fọ́tò tí mo sì ń tún fóònù ṣe. Àwàdà ni mo fi ń pa àárẹ̀. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Manigri tí kì í dúró, èmi ni mo sọ fún wọn, láìrẹ́rìn-ín, pé kí ẹni tó bá fẹ́ pe èèyàn bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì, kí ó fi ẹsẹ̀ náà tẹ gbòǹgbò igi kajú. Àwọn àgbà ìlú ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe é níwájú àwọn àna rẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní n kò ní tan òun mọ́ láyé.

Mẹ̀múnà ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀wé, nítorí náà bó bá lọ ra iṣu òwò ní ọjà Doguè, ohùn ló máa ń gbà sínú fóònù ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀. Èmi ló ń pè ní ọkọ òun kékeré. Àìsàn mú un lọ ní òjò èṣí. Láti ìgbà náà, gbogbo àárọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi bá kírun tán, ohùn wọ̀nyẹn ló ń gbọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ o. "Baba Ràmá, ẹ so ewúrẹ́ yẹn mọ́lẹ̀. Bó bá tún jẹ ẹ̀gẹ́ mi, ẹ̀yin ni n ó so." Irú rẹ̀ ni gbogbo wọn.

Ní ọjọ́ kan fóònù náà kọ̀, kò ṣí mọ́. Àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló ń hàn. Ó gbé e wá bá mi pé kí n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí n kó ohùn náà jáde kó tó kú pátápátá. Mo so ó. Iná wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò rí i. Mo pààrọ̀ wáyà, nítorí àwọn wáyà kan wà tó jẹ́ pé iná nìkan ni wọ́n lè gbé. Mo gbọn eruku ẹnu rẹ̀. Mo gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà kejì. Pàbó. Mo wá mọ̀ pé inú fóònù ló bàjẹ́: èyí tí kò bá tíì jí, báwo ni yóò ṣe ṣílẹ̀kùn fún kọ̀ǹpútà? Ọ̀nà wà láti jí i láìfọwọ́ kan ẹrù inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù, nítorí orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni n ó ti wá ohun tí n ó fi ṣe é. Mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi. Ó ní òun kò lè sùn bí kò bá sí nílé. Mo wá kìlọ̀ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ bọ́tìnnì méjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ohun tí ìyẹn máa gbé jáde lè gbá gbogbo inú rẹ̀ dànù."

Ó ní, "Bàtà ẹsẹ̀ wo ni kí n bọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́?"

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Mo búra, ẹ̀rín wọn tún le sí i. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ní tèmi, irọ́ ló lé òtítọ́ bá.

Nígbà tó dé Manigri, ó jókòó láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ròyìn ẹ̀tàn tuntun tí mo fẹ́ fi mú òun, ó sì tẹ bọ́tìnnì méjèèjì níṣojú wọn. Ọ̀rọ̀ Faransé tò sójú fóònù. Ó yan èyí tó ní kí fóònù bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Fóònù jí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n tilẹ̀ fi fóònù ẹlòmíràn pè mí láti fi mí ṣẹ̀sín. Mo ní kí ó ṣí ibi tí ohùn wà. Mo gbọ́ bí pàtẹ́wọ́ náà ṣe dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n fi fóònù yẹn ránṣẹ́ padà sí mi, tí mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà rí i lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ibi tí wọ́n kọ́ mi láti wá ni mo wá. Òfìfo. Ẹyin lohùn, wọ́n ti sọ ọ́ tipẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo. Ó ní, "Àbúrò mi, àwàdà náà ti tó. Mo mọ̀ pé o ti kó o pamọ́ kí o tó dá fóònù padà fún mi. Mo ti rẹ́rìn-ín. Jọ̀ọ́, dá a padà."

Àwọn ẹbí ní kí n lọ fi Kùránì búra níwájú lèmọ́mù, kí ọ̀rọ̀ tán. Mo lè búra. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó bá gbà mí gbọ́, ọjọ́ náà ni yóò mọ̀ pé àtàǹpàkò òun fúnra rẹ̀ ló pa ohùn Mẹ̀múnà rẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì jẹ́ olè lójú rẹ̀, ohùn náà ṣì wà níbì kan ní Bassila, nínú àpótí àbúrò rẹ̀ kan tí kò láàánú. Mo rò pé ìyẹn ló ń gbé e dìde láàárọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n wẹ orúkọ mi mọ́, kí n sì sin ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, àbí kí n máa jẹ́ olè lọ?