Kọ́kọ́rọ́ Kẹta Ẹgbẹ́ Obìnrin Wa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Inú mi ń dùn débi pé mi ò lè jókòó sójú kan, síbẹ̀ mi ò lè wo ojú ọkọ mi. Irú ayọ̀ wo lèyí? Ìyàwó pásítọ̀ ni mí ní Nzeng-Ayong, ní Libreville, ní orílẹ̀-èdè Gabon níbí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Ohun tó dùn mọ́ mi jù láyé mi ni mo fi irọ́ bò mọ́lẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ṣe é.

Nígbà tí náírà já wálẹ̀, àwa tí à ń ná sẹ́fà, owó ibí, kọ́kọ́ ń yọ̀ pé ìwọ̀nba tí a bá fi ránṣẹ́ sílé ti di owó ńlá. A gbàgbé pé náírà ni ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa fi owó ìtọ́jú àwọn aláìsàn pamọ́ sí, ní báńkì kan nílé. Ojú wa ló ṣe tí owó náà ń yọ́! Ibi tí a ti ń sá kíjokíjo ni ọkùnrin kan ti wá láti àdúgbò Okala, ó wọ kóòtù, ó ní kírípítò, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tòun kì í já wálẹ̀. Ọkọ mi fún un láyè lórí pẹpẹ. Àwọn èèyàn kówó fún un, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọkọ mi sunkún. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó kéde pé ohunkóhun tó bá jọ kírípítò ò gbọ́dọ̀ wọ ilé òun mọ́ láé. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe àmín.

Àmọ́ ara mi ò balẹ̀. Báwo ni ẹnì kan ṣe máa fi kọ̀ǹpútà lu gbogbo wa ní jìbìtì lójú èmi olùkọ́ kọ̀ǹpútà? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé búlọ́kíṣéènì tí wọ́n ń pariwo rẹ̀, tí kírípítò dúró lé lórí, dà bí ìwé ìṣirò tí gbogbo ayé jọ ń tọ́jú, tí ẹnì kankan ò lè dá nǹkan pa rẹ́ níbẹ̀. Mo tún rí àwọn tó kọ irinṣẹ́ tí a lè fi ṣe àpò owó lórí rẹ̀, tí wọ́n ṣí gbogbo kóòdù rẹ̀, ìlànà tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, sílẹ̀. Kà á, mú un, tún un ṣe, ọ̀fẹ́ ni! Háà! Mò ń kà á bí ẹni tí ebi ń pa. Ọ̀gbẹ́ni Okala yẹn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo inú tirẹ̀ rí.

Mo fi ọ̀kan nínú irinṣẹ́ náà ṣe àpò fún ẹgbẹ́ obìnrin, pé ká máa fi kírípítò tí iye rẹ̀ ń bá dọ́là rìn síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló ní, lórí fóònù èèyàn mẹ́ta. Àfi kí méjì nínú wọn fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Mo gbé e fún Ìyá Ìjọ, olórí wa, kó dán an wò. Ó ní, “Màmá Pásítọ̀, fóònù yìí ní kí n gbà. Kí ni mò ń gbà? Ta ló fẹ́ gbowó, kí ló fẹ́ fi ṣe?” Òótọ́ ni! Lẹ́gbẹ́ wa, ẹni tó fẹ́ gbowó á dìde sọ tẹnu rẹ̀ ká tó gbà. Mo tún kóòdù náà kọ kí orúkọ àti ìdí máa kọ́kọ́ jáde, mo sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó kọ irinṣẹ́ náà. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè títí, wọ́n bá mi jiyàn, nígbà tó yá, wọ́n gbà á wọlé! Ohun tí mo kọ ní ilé ìdáná mi, àwọn tí mi ò mọ̀ rí ti ń lò ó! Mo fò sókè, mo pariwo. Ọkọ mi sáré wọlé: “Ìyá Tósìn, kí ló dé?” Mo ní eku ni. Ẹni ẹlẹ́ni lọ ra pàkúté wálé.

Mo ń wá ọjọ́ tí màá sọ fún un, kí n tó rí i, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá Ìjọ yà sílé wa: “Bonjour, Pásítọ̀. Èmi ni kọ́kọ́rọ́ kìíní, Màmá Pásítọ̀ lèkejì, ẹ̀yin lẹ máa mú ìkẹta. Láìsí yín, kò sẹ́ni tó máa dáwó.” Ọkọ mi ní, “Kọ́kọ́rọ́ wo?” Ni gbogbo rẹ̀ bá tú síta. Nígbà tí ìyá lọ tán, kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, “Gbogbo ayé ló lè ṣí i wò, àfi èmi?” 

Lẹ́yìn náà, ó ní kí n gbé àpò náà wá kóun wò ó. Ó bi mí léèrè bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, mo dáhùn, mo sì tún ń fi ayọ̀ ṣàlàyé! Ó ní, “Màá mú kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti fi ẹnu mi polówó fún ẹnì kan rí, mi ò ṣe é mọ́. Ìwọ lo máa dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, kí o sọ ọ́ fún àwọn tówó wọn lọ.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé mo purọ́ fún pásítọ̀ wọn. Ṣé tí wọ́n bá gbọ́ ìyẹn, wọ́n ṣì máa gbọ́ ìyókù? Àbí kí n bẹ̀rẹ̀ látorí iṣẹ́ náà, kí n sì máa bẹ̀rù pé ẹnì kan á bi mí bí ọkọ mi ṣe gbọ́ ọ? Ẹ tètè gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀la ni Ọjọ́ Ìsinmi.